Ìjókòó Iwájú Nínú Mustang Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ẹsẹ̀ mi kì í kan ilẹ̀ bí mo bá jókòó sórí àga, ìlú Berlin ni à ń gbé, ní apá ibi tí wọ́n mọ odi yí ká. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń kà nípa odi náà nílé ìwé, ẹ sì ń ya fọ́tò níbi ìwọ̀nba tó kù nínú rẹ̀. Lójú tiwa nígbà náà, ògiri lásán ni, ibi tí títì ti ń dópin tí a sì ń yí padà sílé. Bàbá mi wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ níbẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe wáyà iná. Ìyá mi ń ránṣọ nílé. Yàrá méjì péré la ní, lókè téńté, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń sọ Yorùbá ní gbogbo àdúgbò yẹn àfi àwa.

Àwọn sójà Amẹ́ríkà pọ̀ nílùú náà nígbà yẹn, wọn a sì máa kó ọkọ̀ wọn wá láti ìlú wọn, ọkọ̀ gbọ̀ngbọ̀nràn tó ń gba ojú títì tán. Ọ̀kan nínú wọn, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, mọ bàbá mi níbi tí wọ́n ti jọ ń gẹrun. Mustang ni tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kó máa padà sílé, ó ta ọkọ̀ náà fún bàbá mi. Ìyá mi bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko nítorí ọ̀rọ̀ náà, nítorí a kò tíì ní ẹ̀rọ ìfọṣọ nílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín. Imú rẹ̀ gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, ẹṣin onírin kékeré kan sì ń sáré níwájú rẹ̀ láìdé ibì kankan. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Àwọ̀ rẹ̀ ló mú bàbá mi, nítorí pé aró gan-an ni, irú èyí tó máa ń wà lára aṣọ tí wọ́n bá ti rì bọ inú ìkòkò lẹ́ẹ̀marùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹfà. Aláró ni ìyá bàbá mi lÓṣogbo. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú látorí èékánná dé ọrùn ọwọ́, ọṣẹ kankan kò sì lè ṣí i. Bàbá mi ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ rí ọkọ̀ náà, ọwọ́ ìyá òun lòun rí.

Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sílé. Nígbà tí èsì ìyá àgbà dé, tí ẹnì kan bá a kọ, bàbá mi kà á sókè fún wa lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá ní òun rí ọkọ̀ náà, pé ẹni tó pa á láró mọ iṣẹ́. Ó béèrè ìdí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò fi ju méjì lọ, ó ní àbí àwọn tó ṣe é kò ní ẹbí ni. Ó wá ní ìbàdí ń dun òun, iwájú lòun yóò jókòó sí bí ọkọ̀ náà bá délé, kí ẹnikẹ́ni má bá òun du ibẹ̀.

Bàbá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe òfin. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó síwájú mọ́. Nítorí pé ìjókòó náà rẹlẹ̀ jù fún ẹni tí ìbàdí ń dùn, ó ní kí ìyá mi rán tìmùtìmù kan, ó sì fi òwú kún un fúnra rẹ̀. Tìmùtìmù náà ló ń jókòó síwájú. Ìyá mi, èmi, àti àbúrò mi tó wà ní ìkókó, ẹ̀yìn la máa ń há mọ́, orúnkún ìyá mi yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Àwọn ará Berlin rò pé awakọ̀ wa ni bàbá mi. Ọlọ́pàá kan dá wa dúró lọ́jọ́ kan, ó bi ìyá mi léèrè ibi tí ọkùnrin yìí ń gbé e lọ. Ìyá mi ní ilé ọkọ òun ni.

Bí mo ṣe ń rántí rẹ̀ yìí, mò ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín.

Ọmọ ìlú wa kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Hamburg, tí bàbá mi mú bí àbúrò. Bọ̀ọ̀dá ni mo ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ń pè é títí dòní. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Bọ̀ọ̀dá wọ ọkọ̀ ojú irin wá bá wa láìsọ tẹ́lẹ̀. Bàbá mi wà níbi iṣẹ́. Èmi wà lábẹ́ tábìlì tí ìyá mi ti ń ránṣọ, mò ń ṣa àkísà tí mo fẹ́ fi ṣe aṣọ fún bèbí mi. Mo gbọ́ tó ń sọ pé lẹ́tà ti wá láti Òṣogbo, pé òun ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ìyá àgbà ti sùn. Wọ́n ti sin ín.

"Àwọn ará ilé ní ẹ má tíì jẹ́ kí bàbá àwọn ọmọ gbọ́," ló sọ fún ìyá mi. "Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n délé ná."

Ìyá mi ki aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ ẹnu kó má baà ké. Ibi tí Bọ̀ọ̀dá ti ń wá omi tí yóò fún un ló ti rí ẹsẹ̀ mi. Ó lóṣòó tì mí, ó di èjìká mi mú.

"Ọmọ dáadáa, o ò gbọ́ nǹkan kan o. Bí bàbá ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ, ọwọ́ wọn lè gbọ̀n lórí sítíárìn."

Ẹ má rò pé ìkà ni wọ́n fi ṣe é. Àṣà wa ni. Ẹni tó bá wà nídàálẹ̀, a kì í túfọ̀ fún un níbi tí kò ti ní ẹni tí yóò dì í mú. Àwọn ará ilé ń fi ìfẹ́ bo bàbá mi láṣìírí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ohun tó yé mi nínú ọ̀rọ̀ Bọ̀ọ̀dá ni pé bí mo bá lanu, bàbá mi á kú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni lẹ́tà ti bàbá mi dé. Ara ìyá kò fi bẹ́ẹ̀ le, kó máa bọ̀ kíákíá. Ká ní ẹlòmíràn ni wọ́n kọ lẹ́tà yẹn sí, bàbá mi ni ì bá kọ́kọ́ mi orí, tí ì bá ní ìyá onítọ̀hún ti kú. Ṣùgbọ́n ìyá tirẹ̀ ni. Ó ká lẹ́tà náà, ó ní, "Bí wọ́n bá ti rí ọkọ̀ yìí, ara wọn á yá." Ó sì gbé garawa omi sọ̀kalẹ̀ lọ fọ Mustang.

Ó pinnu pé kí ọkọ̀ náà bá ojú omi lọ láti Hamburg, kí òun wọ bàálù tẹ̀ lé e. Ilé ìwé wà ní ìsinmi, ó ní kí n sin òun dé èbúté. Ìyá mi wo ojú mi lẹ́nu ọ̀nà, ó tún kọ́là aṣọ mi ṣe fún ìgbà pípẹ́.

Láti Berlin dé Hamburg nígbà náà, ẹ ní láti la ilẹ̀ Jámánì kejì, ti apá Ìlà-oòrùn, kọjá. Àwọn sójà ẹnubodè a máa yẹ gbogbo ara ọkọ̀ wò, àní abẹ́ rẹ̀ pàápàá. Ọ̀kan nínú wọn gbé tìmùtìmù iwájú, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó béèrè ohun tó wà fún. Bàbá mi fi èdè Jámánì sọ fún un pé ti ìyá òun ni. Sójà náà rọra dá a padà sáyè rẹ̀, ó tún tò ó kó dọ́gba. Mo rò ó títí pé bóyá òun náà ní ìyá.

Bàbá mi ń sọ̀rọ̀ lọ ní gbogbo ọ̀nà, kì í sì í ṣe èmi ló ń bá sọ ọ́. Tìmùtìmù ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń fi bí òun yóò ṣe máa fi ọkọ̀ gbé ìyá rẹ̀ kiri dánra wò. "Ìyá, ẹ farabalẹ̀, mo fẹ́ sáré díẹ̀. Ìyá, ẹ wo ọ̀tún yín, oko lẹ ń wò yẹn." Ẹ̀yìn ni mo wà. Mo di etí mi, mo sì ṣe bí ẹni pé òtútù ló ń mú mi.

A dúró níbì kan lẹ́bàá ọ̀nà láti jẹ búrẹ́dì àti ẹyin sísè. Nígbà tí a jẹ tán, bàbá mi ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó fọwọ́ gbá tìmùtìmù náà.

"Wá jókòó síbí, kí n wò ó bóyá ó ga tó."

Mi ò lè jókòó síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìjókòó òkú ni. Mo sọ pé "Nein," ẹkún sì gbọ̀n mí. Ó béèrè ohun tó ń ṣe mí, mo ní "Nichts, Papa, nichts," pé kò sí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun mi. Ṣùgbọ́n mo rí sítíárìn, mo rí ọwọ́ rẹ̀, mo sì gbé e mì.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó fi áńkáṣíìfù nu ojú mi. "Ọmọ dáadáa. O mọ̀ pé ti ìyá àgbà ni, o ò fẹ́ bá wọn du ú." Ó yìn mí títí a fi dé Hamburg. Nínú gbogbo ohun tí ojú mi ti rí láyé, ìyìn yẹn ni mi ò tíì lè gbàgbé.

Ní èbúté, wọ́n fi okùn gbé ọkọ̀ náà sókè lọ sínú ọkọ̀ ojú omi. Bàbá mi ń juwọ́ sí i, ó ń pariwo pé wọ́n á pàdé l'Ékòó. Bọ̀ọ̀dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, omi nìkan ló ń wò. Nínú búùtù Mustang ni bàbá mi kó bàtà aláwọ tó fẹ̀ sí, àti agbòòjò, àti ìbọ̀wọ́ onírọ́bà tí ìyá rẹ̀ yóò máa fi pa aró kí ọwọ́ rẹ̀ lè sinmi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lÓṣogbo kò ṣojú mi, àwọn tó wà níbẹ̀ ló sọ fún mi. Ìbátan tó gba bàbá mi sílé l'Ékòó bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ sáré délé ná. Ó kọ̀. Ó ní òun kò ní dé iwájú ìyá òun lọ́wọ́ òfo. Ó dúró títí ọkọ̀ fi dé, ó wà á lọ, ìbátan náà sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ló jókòó sí. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé, bàbá mi tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, ó sọ̀kalẹ̀, ó yí lọ sí òdìkejì, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó gbọn tìmùtìmù, ó sì di ilẹ̀kùn náà mú, ó ń retí. Àwọn ará ilé ń jáde wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó kí i. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn yẹn nígbà tí wọ́n túfọ̀ fún un.

Ó fi Mustang náà sílẹ̀ sábẹ́ igi fúrúùtù, ó wọ bàálù padà wá bá wa. Òjò pa ọkọ̀ náà, oòrùn pa á. Wọ́n ní adìyẹ yé sórí tìmùtìmù náà. A kò ní ọkọ̀ mìíràn mọ́ láyé wa ní Berlin, bàbá mi kò sì fi ọ̀rọ̀ náà dá ìyá mi tàbí Bọ̀ọ̀dá lẹ́bi lójú mi rí.

Ìgbà kan ṣoṣo ló bi mí. Mo ti di wúńdíá nígbà náà. À ń dúró de ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀, ó ń wo iwájú, ó ní, "Lọ́jọ́ tí à ń lọ sí Hamburg, tí o ń sunkún, ṣé o ti mọ̀?" Mo ní, "Rárá o, Papa." Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ó dáa." Ọkọ̀ ojú irin dé, a sì wọlé. Ó kú láìtún mẹ́nu bà á, irọ́ yẹn sì kù sí mi lọ́rùn.

Ọkọ ló gbé mi wá sí Hamburg. Àdúgbò Osdorfer Born ni mo ti tọ́ ọmọ mẹ́ta, mo sì fi irun dídì bọ́ wọn. Nígbà tí ọwọ́ mi kò lè di irun mọ́, mo ra Mustang lọ́wọ́ bàbá Jámánì kan ní Lurup. Aró ni. Àwọn ọmọ mi ní orí mi ti yí. A máa ń pàdé láwọn ọjọ́ Àìkú kan, àwa tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kálukú a sì máa sọ ìrántí tirẹ̀. Ẹnì kan ní inú tòun lòun ti dẹnu kọ ìyàwó òun. Òmíràn ní inú tòun ni wọ́n fi gbé ìyá òun lọ síléèwòsàn lọ́jọ́ tó bí òun. Bí wọ́n bá bi mí, mo máa ń ní bàbá mi ní ọ̀kan rí, màá sì bu kọfí sí i. Ọmọ ọmọ mi a máa béèrè pé, "Oma, warum darf ich nicht vorne sitzen?" ó fẹ́ mọ ìdí tí òun kò fi gbọdọ̀ jókòó síwájú, nítorí pé tìmùtìmù wà níwájú tèmi náà, ẹ̀yìn ni mò ń kó gbogbo wọn sí.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò Bọ̀ọ̀dá kú nílé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin yìí nìkan ló kù fún un, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sì ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bọ̀ọ̀dá ti ju ẹni ọgọ́rin ọdún lọ, àdúgbò Jenfeld ló ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ náà pè mí. "Aunty, please, ẹ má sọ fún Daddy o. BP wọn ti lọ sókè jù. Mo ti gba fóònù wọn, mo ní ó wà ní Reparatur. Tí burial bá ti kọjá, a máa wá way tí a máa fi sọ fún wọn." Mo ní mo ti gbọ́. Ìsìnkú kọjá, oṣù kan kọjá.

Mo lọ kí i ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lórí.

"Irú fóònù wo ni wọ́n ń tún ṣe láti oṣù tó kọjá?" ló bi mí. "Àbúrò mi á máa rò pé mo ti gbàgbé òun."

Mo ní kó jẹ́ ká jáde díẹ̀. Nígbà tí a dé ìdí Mustang, ó fẹ́ tẹ̀ wọ ẹ̀yìn, nítorí òun náà mọ òfin mi. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àgbàlagbà kò lè gba inú ihò yẹn. Mo ní, "Ẹ jókòó síwájú, Bọ̀ọ̀dá." Ó wo tìmùtìmù náà, ó wo ojú mi, ó sì rọra jókòó lé e.

Mo wà á dé etí odò Elbe, níbi tí a ti lè rí èbúté lókèèrè. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo ní, "Mo dá ọkọ̀ dúró ná, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má baà gbọ̀n lórí sítíárìn. Bọ̀ọ̀dá, ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yín. Àbúrò yín ti lọ."

Ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó béèrè ìgbà wo, mo sọ fún un. Ó béèrè bóyá wọ́n ti sin ín, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà náà ló sunkún, mo sì dì í mú bí àṣà ṣe ní ká di ọlọ́fọ̀ mú. Ó fi fìlà nu ojú, ó ní, "O ṣeun tí o sọ fún mi."

Èmi náà wá sọ tèmi, tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo ní mo purọ́ fún bàbá mi, mo ní n kò mọ̀, ó sì kú láìmọ òtítọ́.

Bọ̀ọ̀dá mi orí. "Ó mọ̀. Ọdún tó dé láti Òṣogbo ló ti wá bá mi níbí. Ó ní, 'Èyí tí ẹ ṣe fún mi, mo ti fi jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ di ẹrù àgbà ru ọmọ mi, ó rù ú láti Berlin dé Hamburg, èmi sì ń yìn ín pé ọmọ dáadáa ni.' Ó ní ojú òun ń ti òun láti bá ọ sọ ọ́."

Mo gbé orí lé sítíárìn, mo sì sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó dùn mí pé a jọ gbé inú ilé kan náà fún ọdún púpọ̀, èmi ń pa á mọ́ fún un, òun náà ń pa á mọ́ fún mi.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Láyé ìgbà yẹn, lẹ́tà a máa rìn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó dé. Lónìí, kí òkú tó tutù, àwòrán rẹ̀ ti wà lórí fóònù gbogbo ayé, síbẹ̀ a ṣì ń fi ọ̀fọ̀ pamọ́. Ibi ìpamọ́ la pààrọ̀. Ọmọ Bọ̀ọ̀dá kò tíì máa kí mi dáadáa títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò sì bínú sí i, nítorí ìfẹ́ ló fi gba fóònù bàbá rẹ̀. N kò ní kí ẹ máa ju ọ̀fọ̀ lu èèyàn bí òkò. Ẹ wá ibi tó dákẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ dì wọ́n mú, kí ẹ sì sọ ọ́.

Mo ti gbé tìmùtìmù náà kúrò. Ẹnikẹ́ni tó bá bá mi jáde báyìí, iwájú ló ń jókòó sí.